Ìṣẹ́jú Méjì Tó Ń Sọnù Láràárọ̀: Ẹ Wọ̀n Ọ́n Kí Ẹ Tó Ra Sáfà Tuntun

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan kí ọ̀rọ̀ tó gùn. Ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé kan wà ní ìlú Liverpool tí wọ́n ń pè ní Alder Hey. Ní oṣù January ọdún 2020, nígbà tí ìjọba Britain kéde pé àwọn máa ná mílíọ̀nù 40 pọ́n-ùn láti dín àkókò tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fi ń wọlé sórí kọ̀ǹpútà kù, Alder Hey ni wọ́n tọ́ka sí. Tẹ́lẹ̀, kí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tó wọ gbogbo ètò tó fẹ́ lò, ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú àáyá 45 ló ń gbà. Wọ́n gé e sí ìṣẹ́jú àáyá 10. Ẹnì kan á ní, kí ni àáyá 95 tí wọ́n dín kù? Àmọ́ iye ìgbà tí wọ́n ń wọlé lójúmọ́ ní ilé ìwòsàn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5,000. Ẹ sọ 95 di ìlọ́po 5,000, kí ẹ wá pín in sí wákàtí: ó lé ní 130. Wákàtí 130 lójúmọ́ kan ṣoṣo, tí aláìsàn kankan ò rí àǹfààní ẹ̀!

Ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ á wọlé lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ètò yòókù á sì ṣí fún un láì tún béèrè pásíwọ́ọ̀dù mìíràn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àbúrò ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ sọ lónìí, òun ló sì ń bí mi nínú jù: wíwọlé sórí virtual desktop. Mo ń ṣe Masters nínú ìmọ̀ statistics ní Britain níbí, orí ẹ̀ ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, torí pé orí sáfà iléèwé ni sọ́fítíwíà tí à ń lò wà.

Ẹni tí ò bá tíì lò ó rí, kó fọkàn bá mi lọ. Lórí virtual desktop, kọ̀ǹpútà tó wà níwájú yín kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ gan-an. Windows yín, fáìlì yín, gbogbo ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ lórí sáfà kan nínú yàrá títutù níbòmíì, bóyá ní ìlú mìíràn pàápàá. Àwòrán lásán ló ń wá bá yín; ohun tí ẹ bá tẹ̀ àti ibi tí ẹ bá gbé máòsì sí ló ń padà lọ bá sáfà. Citrix ti ń ta irú ẹ̀ tipẹ́tipẹ́, Microsoft náà ní Azure Virtual Desktop. Àǹfààní ẹ̀ ò kéré. Bí wọ́n bá jí laptop yín, détà ilé iṣẹ́ ò sí nínú ẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá kúrò ní wọ́ọ̀dù kan bọ́ sí òmíràn, iṣẹ́ ẹ̀ á tẹ̀ lé e. Mi ò bá virtual desktop jà rárá. Ohun tí mò ń bá jà ni nǹkan kékeré tó máa ń yí róbótó-róbótó lójú kọ̀ǹpútà láàárọ̀ kùtù, tí gbogbo èèyàn ti gbà pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Wọ́n á ní ká ní sùúrù. Sùúrù ni baba ìwà, mo gbà. Àmọ́ ẹ fojú inú wo wọ́ọ̀dù kan: kọ̀ǹpútà kan, nọ́ọ̀sì mẹ́fà. Bí wíwọlé bá ń gba ìṣẹ́jú méjì, ta ló máa log out nígbà tó bá fẹ́ lọ fún aláìsàn lóògùn, tó sì mọ̀ pé òun ń padà bọ̀ láìpẹ́? Kò ní ṣe é. Á fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí gbayawu. Ẹlòmíì á dé, á kọ ọ̀rọ̀ tiẹ̀ sábẹ́ orúkọ ẹni àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá ń wádìí ẹni tó kọ oògùn tí kò yẹ, orúkọ ẹni tó log in láàárọ̀ ni wọ́n máa bá níbẹ̀. Ṣé ẹ rí i báyìí? Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Britain pọ̀ lọ súà, físà ọ̀pọ̀ nínú wọn sì so mọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Àwọn ló máa lọ jókòó síwájú ìgbìmọ̀ láti ṣàlàyé ohun tí wọn ò kọ. Ilé iṣẹ́ á wá lẹ ìwé mọ́ ògiri pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo pásíwọ́ọ̀dù ẹlòmíì. Ìwé ọ̀hún ò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àáyá 120 yẹn ló ń kọ́ èèyàn ní ìwàkíwà, òun ló yẹ kí wọ́n lọ mú.

Èrò tèmi rèé, mi ò sì ní fepo bọyọ̀: ìlọ́ra yìí kì í ṣe kádàrá, kì í sì í ṣe àìsàn tí sáfà tuntun máa ń wò sàn lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ní ìdí, ìdí náà ṣe é wọ̀n, ilé iṣẹ́ tí kò bá sì tíì wọ̀n ọ́n kò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa sọ pé "nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni." Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti di àjẹ́ ìdílé. Àjẹ́ ké lánàá, kọ̀ǹpútà kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló pa á?

Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀. Virtual desktop dà bí yàrá òtẹ́ẹ̀lì. Ní ọ̀pọ̀ ibi, bí ẹ bá ti log out báyìí, wọ́n á gbá gbogbo ohun tí ẹ fi sílẹ̀ dànù, wọ́n á dá yàrá padà sí bó ṣe wà fún ẹni tó kàn. Torí náà, bí àlejò ni ẹ̀rọ yẹn ń pàdé yín láràárọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ wá yàrá tó ṣófo fún yín. Bí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ ọ̀hún, wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án. Wọ́n á yẹ pásíwọ́ọ̀dù yín wò. Wọ́n á ka òfin ilé iṣẹ́ lé ẹ̀rọ lórí, èyí tí Windows ń pè ní Group Policy: pírińtà wo ni tiyín, fódà wo lẹ lè ṣí, kí lẹ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Lẹ́yìn náà ni ẹrù yín, tí wọ́n ń pè ní profile, á dé: ètò Outlook yín, àwọn ojú ewé tí ẹ fi pamọ́, àwòrán ẹ̀yìn tí ẹ yàn, àti ọ̀pọ̀ pàǹtírí tí ẹ̀yin fúnra yín ò mọ̀ pé ẹ ní. Àwọn script tí alákòóso kọ á sáré. Ìgbà yẹn ni Windows máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ojú iṣẹ́ yín síbẹ̀.

Nínú gbogbo ìrìn-àjò yìí, yíyẹ pásíwọ́ọ̀dù wò kì í sábà gba àkókò tó ṣe é kà. Ẹni tó bá ní ààbò ló ń fà á, irọ́ ló ń pa mọ́ ààbò. Ẹrù àti òfin ló máa ń pẹ́ lójú ọ̀nà.

Báwo la ṣe máa mọ èyí tó ń pẹ́ jù? Inú mi dùn sí apá yìí torí pé kò gba kọ́bọ̀. Windows fúnra ẹ̀ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú Event Viewer, àkọsílẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ GroupPolicy Operational. Nọ́ńbà 4001 níbẹ̀ ni ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin fún ẹni tó ń wọlé; nọ́ńbà 8001 ni ìgbà tí wọ́n parí ẹ̀, ó sì máa ń sọ iye àáyá tó gbà. Nọ́ńbà 5016 ń dárúkọ apá òfin kọ̀ọ̀kan tó parí àti iye mílísẹ́kọ́ǹdù tó jẹ. Profile náà ní àkọsílẹ̀ tiẹ̀, User Profile Service. Ilé iṣẹ́ tó bá ń lo Citrix tún ní Director, tó máa pín àkókò wíwọlé sí ìpele-ìpele, láti ìgbà tí wọ́n ti ń wá ẹ̀rọ títí dórí profile àti script. Gbogbo ẹ̀ wà nílẹ̀. Ká kàn lọ kà á ló kù.

Àmọ́ kíkà á náà ní ọgbọ́n, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ tèmi ti wọ̀ ọ́. Ká ní èèyàn 10 wọlé láàárọ̀. Mẹ́sàn-án lo àáyá 20 ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹni kẹwàá lo 200. Ẹ ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, ẹ pín in sí 10: 38 lẹ máa rí. Ọ̀gá IT á kọ 38 sínú ìròyìn oṣù, ọ̀gá àgbà á sì mirí pé ó dáa. Kò sí ẹnì kankan nínú àwọn mẹ́wàá tó dúró fún àáyá 38! Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, ó sì ti bo ẹni kẹwàá mọ́lẹ̀ pátápátá. Ohun tó yẹ kí wọ́n máa wò ni ẹni tó wà láàárín gbùngbùn bí a bá tò wọ́n láti orí ẹni tó yára jù dórí ẹni tó pẹ́ jù, àti ẹni tó wà ní ipò 95 nínú 100. Ẹni ìkẹyìn yẹn sábà máa ń jẹ́ ẹni tó ti pẹ́ jù níbi iṣẹ́, torí pé ọdún tó ti lò níbẹ̀ ni ẹrù ẹ̀ fi ń pọ̀ sí i.

Mo tún ní ẹ̀sùn kan. Níbo ni aago ti ń dúró? Àwọn kan máa ń pa á ní ìgbà tí ojú iṣẹ́ bá ti yọ. Ẹ sì mọ̀ pé ojú iṣẹ́ lè yọ, kí ẹ tẹ Outlook, kó má dá yín lóhùn. Láti Windows 8.1, Microsoft ṣe é pé kí script wíwọlé dúró fún ìṣẹ́jú 5 kó tó ṣiṣẹ́, àfi bí alákòóso bá yí i padà. Ó mú kí ojú iṣẹ́ tètè yọ lóòótọ́, àmọ́ ẹni tí script yẹn ń so fódà mọ́ ẹ̀rọ fún ṣì jókòó síbẹ̀ tó ń wá fódà. Ìgbà tí ẹni náà bá lè ṣí iṣẹ́ tó wá ṣe ló yẹ kí aago dúró. Ní 1982, Walter Doherty àti Ahrvind Thadani ti IBM ti kọ ọ́ pé bí kọ̀ǹpútà bá ń dáhùn kí àáyá kan tó pé, iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe máa ń pọ̀ ju iye àkókò tí wọ́n dín kù lọ, torí pé ìrònú ẹni kì í já. Àwa ṣì ń sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ohun tó dùn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn ìlà. Mo fi aago fóònù mi wọn tèmi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ lù, tí kíláàsì fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó ń kọjá ìṣẹ́jú méjì. Ní aago mẹ́wàá alẹ́, kì í tó àáyá 40. Pásíwọ́ọ̀dù kan náà, profile kan náà, tábìlì kan náà. Kí ló yí padà? Èrò ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti tò sídìí ATM lọ́jọ́ tí owó oṣù wọlé, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Agner Krarup Erlang, ọmọ ilẹ̀ Denmark tó bá ilé iṣẹ́ tẹlifóònù Copenhagen ṣiṣẹ́, ti tẹ ìwé jáde lórí ìṣirò irú nǹkan báyìí láti 1909. Ẹ mú èyí tó rọrùn jù: ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, àwọn èèyàn ń dé bó ṣe wù wọ́n, iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń gba nǹkan bí àáyá 2. Bí ẹnu ọ̀nà náà bá ń ṣiṣẹ́ fún ìdajì àkókò rẹ̀, èèyàn á lo àáyá 4 níbẹ̀, pẹ̀lú ìdúró. Bó bá ń ṣiṣẹ́ fún ìdá 90 nínú 100, ó di àáyá 20. Bó bá di ìdá 95, ó di 40. Ẹ tún un kà: láti 90 sí 95, iṣẹ́ tó lé ò tó nǹkan, àmọ́ ìdúró di ìlọ́po méjì. Ìdí nìyẹn tí sáfà tó dára láàárọ̀ Satide fi ń dójú tini láàárọ̀ Monday.

Ẹnu ọ̀nà tó sì máa ń há jù láyé àtijọ́ ni dísìkì. Dísìkì tó ń yí ìgbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan ń yí ìgbà 120 ní àáyá kan. Kó tó yí dé ibi tí fáìlì wà, ní ìdajì ìyípo, mílísẹ́kọ́ǹdù 4 ti lọ. Kí apá tó ń kà á tó sún débẹ̀, nǹkan bí 8 tàbí 9 mìíràn ti lọ. Nítorí náà, kò lè dáhùn ju nǹkan bí ìbéèrè 80 lọ ní àáyá kan bí fáìlì bá wà káàkiri. Wàyí o, èèyàn 100 ń rọ́ dé ní aago mẹ́jọ, olúkúlùkù ń béèrè fáìlì kékeré lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún, antivirus sì tún dúró sí ẹnu ọ̀nà tó ń yẹ àpò gbogbo wọn wò. SSD kan ń dáhùn ju 10,000 lọ ní àáyá kan. Níbi tí dísìkì àtijọ́ bá ṣì wà, mo gbà pé kí wọ́n náwó. Àmọ́ kí wọ́n tó náwó, ṣé wọ́n ti gbìyànjú àtimáa tan àwọn ẹ̀rọ náà ní aago méje, kí èrò tó dé? Ní ibi tí wọ́n ti ń pa wọ́n lálẹ́ kí iná má baà pọ̀ jù, ẹni tó kọ́kọ́ dé láàárọ̀ ló ń jìyà ìtànná gbogbo wọn.

Ọ̀nà jíjìn náà wà níbẹ̀, èyí sì kan àwọn tó wà nílé ní Èkó tó ń háyà virtual desktop lókè òkun. Ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bíi 200,000 kìlómítà ní àáyá kan nínú wáyà fáíbà. Láti Èkó dé London, ó tó kìlómítà 5,000. Àlọ àti àbọ̀, mílísẹ́kọ́ǹdù 50 ni, bí wáyà náà bá tiẹ̀ lọ tààrà, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ má rò pé South Africa, níbi tí Azure ti ní ibùdó láti 2019, sún mọ́ wa: láti Èkó dé Johannesburg, ó lé ní kìlómítà 4,000. Kò sí owó tí ẹ lè san tí ìmọ́lẹ̀ á fi sáré sí i.

Síbẹ̀, mílísẹ́kọ́ǹdù 50 ò ní kí ẹ má ṣiṣẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà lè fara dà á. Ohun tí kò ṣe é fara dà ni pé kí desktop wà ní London, kí ilé ìpamọ́ profile sì wà ní ọ́fíìsì Èkó. Bí wíwọlé kan bá ní láti béèrè nǹkan 600 lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ìkejì ò lè bẹ̀rẹ̀ kí ìkíní tó dáhùn, àáyá 30 ti lọ sójú ọ̀nà nìkan. Ẹ gbé ilé ìpamọ́ yẹn sí ẹ̀gbẹ́ desktop, tí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan fi di mílísẹ́kọ́ǹdù kan, gbogbo ẹ̀ ò ní pé àáyá kan. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀hún ò yí padà rárá. Ibi tí wọ́n kó ẹrù sí ló yí padà.

Ọ̀rọ̀ ẹrù tún kù. Láyé roaming profile, ńṣe ni wọ́n ń da gbogbo fáìlì inú profile kọ sórí ẹ̀rọ kí ẹ tó wọlé, wọ́n á tún kó o padà nígbà tí ẹ bá ń lọ. FSLogix, tí Microsoft rà ní 2018, gba ọ̀nà mìíràn: gbogbo profile yín wà nínú fáìlì ńlá kan tó ń ṣe bíi dísìkì, wọ́n á kàn so ó mọ́ ẹ̀rọ. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn dẹ́kun àtimáa ru ẹrù kọ̀ọ̀kan láti inú mọ́tò wọ yàrá, tó kàn páàkì mọ́tò sẹ́nu ọ̀nà, tó ń lọ mú èyí tó bá fẹ́. Ibi tí wọ́n ṣì ń dà á kọ títí dòní, ẹ̀sùn wọn wúwo lọ́wọ́ mi.

Àwọn òfin náà ń fẹ́ gbígbálẹ̀. Òfin kan wà níbẹ̀ láti ayé ọ̀gá tó ti fẹ̀yìn tì, ẹnikẹ́ni ò láyà láti pa á rẹ́. Script kan ṣì ń wá sáfà tí wọ́n ti gbé dà nù lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, á kan ilẹ̀kùn títí tí yóò fi sú u, ẹ̀yin lẹ sì ń dúró dè é. Ti pírińtà tiẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín jàre: wọ́n á so pírińtà gbogbo ilé mọ́ orúkọ ẹni tí kì í tẹ ìwé kankan. Ẹni tó bá fẹ́ gbá gbogbo èyí kúrò, kó yọ ohun kan lẹ́ẹ̀kan, kó wọ̀n ọ́n fún ọ̀sẹ̀ kan ní wákàtí kan náà, kó tó fọwọ́ kan òmíràn. Bó bá yọ márùn-ún pa pọ̀, tó sì yá, kò ní mọ èyí tó jẹ́ olè nínú wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbi iṣẹ́ tàbí iléèwé tó ń lò ó, ẹ má lọ bá àwọn IT pẹ̀lú "ó ń lọ́ra" nìkan. Ẹ kọ ọjọ́, aago, ẹ̀rọ tí ẹ jókòó sí, àti iye àáyá tó gbà yín kí ẹ tó lè ṣí fáìlì àkọ́kọ́. Kí ẹ wá bi wọ́n: lánàá, láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ààbọ̀, èèyàn mélòó ló dúró ju ìṣẹ́jú kan lọ, ìpele wo ló sì jẹ àkókò wọn? Bí wọ́n bá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, ẹ ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fi nọ́ńbà 8001 ti àná hàn yín.